Àpò Dúdú Inú Búùtù Ọkọ Mi

Òórùn rọ́bà tuntun ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn nínú ilé wa ní Turffontein, nílẹ̀ àjèjì, nígbà yẹn, kí ti ọbẹ̀ tó dé. Ọkọ mi ló ń kó páàtì mọ́tò jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: búrẹ́kì, pílọ́ọ̀gì, fáànù bẹ́ẹ̀tì, ọ́ọ̀sì rédíétọ̀, méjì méjì, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó tíì bàjẹ́ lára mọ́tò náà. Ẹnjiníà ni, kò fẹ́ kí nǹkan bá òun lójijì. Mọ́tò wa ti dàgbà, bí o bá sì béèrè páàtì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní kí o padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó kù díẹ̀ kí ó ra kíndìnrín pamọ́ fún èmi náà. Á ní, "Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n." Èyí tó kà sí pàtàkì jù wà nínú àpò dúdú kan nínú búùtù, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Èmi fọwọ́ kàn án. Àbúrò mi ọkùnrin ń fi irú mọ́tò yẹn gan-an kó èrò ní Ìkòròdú, ó sì ń pè mí lójoojúmọ́ pé mọ́tò òun ti dúró, pé ayédèrú ni gbogbo ọ́ọ̀sì tí òun ń rà. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí: bí ará ṣọ́ọ̀ṣì kan bá ti ń lọ sílé báyìí, gbogbo wa la máa ń wá nǹkan tí a ó fi rán an. Mo kó àwọn ọ́ọ̀sì tó wà nínú àpò dúdú náà fún ẹnì kan tó ń lọ, mo sì fi ìwé ìdánwò àtijọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi dí àyè rẹ̀, kí ó lè wúwo bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ní màá ra òmíràn kí oṣù tó parí. Ìyá ọkọ mi, tó wá kí wa láti Iléṣà, jókòó tì mí nígbà tí mò ń dì í. Gbogbo rẹ̀ ló ṣojú wọn.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan lẹ́yìn ìyẹn, a gbé Màmá lọ ṣe àyẹ̀wò ojú. Láàárọ̀, ẹnì kan ti fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù wa pé àwọn kan fẹ́ ṣe ìwọ́de láti lé àwọn àlejò bíi tiwa kúrò nílùú, kí a má jáde. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí a bá ń tẹ̀lé gbogbo rẹ̀, a ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà tí a ń bọ̀, Màmá ní iṣu ń wu àwọn jẹ, la bá gba àdúgbò Mayfair, níbi tí wọ́n ti ń tà á. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ oníṣu, mo rí i pé àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń fa ilẹ̀kùn irin wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀sán gangan. Ọkọ mi fẹ́ yí padà ní róbọ́ọ̀tì, bí wọ́n ṣe ń pe iná tó ń darí ọkọ̀ níbí, iná pupa dá wa dúró, ibẹ̀ ni nǹkan ti bú gbàù níwájú, tí èéfín funfun bo gíláàsì. Ọ́ọ̀sì ti bẹ́.

Ọkọ mi bọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ti múra sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mo ní òmíràn." Mo gbọ́ tó ṣí búùtù. Mo sì gbọ́ fèrè àti orin láti òpin àdúgbò, ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó ń súnmọ́ wa. Mo mọ ohun tó máa bá nínú àpò yẹn. Nígbà tó dé ojú fèrèsé mi, ìwé ìdánwò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í pe Jésù ní èdè Yorùbá, ohùn wọn sì ń lọ sókè. Ẹ̀rù bà mí pé ohùn yẹn ni yóò fi wá hàn, àmọ́ báwo ni ìyàwó ṣe fẹ́ sọ fún ìyá ọkọ pé kí wọ́n panu mọ́? Mo di ọwọ́ wọn mú, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà sínú."

Oníṣọ́ọ̀bù kan tí a kò mọ̀ rí gbé ilẹ̀kùn irin rẹ̀ sókè díẹ̀, ó ń juwọ́ sí wa. A bẹ̀rẹ̀ wọlé, Màmá ló ṣáájú. Oníṣọ́ọ̀bù náà fa ilẹ̀kùn wálẹ̀, ó paná, a sì jókòó sórí àpò ìrẹsì nínú òkùnkùn. Kò pẹ́ tí ọwọ́ àti igi fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ilẹ̀kùn náà, ó ń gbọ̀n débi pé mo rò pé yóò já. Mo ń rò ó pé bí a bá kú síbí, èmi ni mo pa wá. Nínú ariwo yẹn ni ọkọ mi sọ ọ́ sí mi létí: "Ta ló kó o?"

Màmá ló dáhùn, jẹ́jẹ́: "Èmi ni. Èmi ni mo ní kí ìyàwó mi kó o ránṣẹ́ sílé. Má bínú, ọmọ mi."

Nígbà tó yá, àwọn èrò náà kọjá lọ, ọlọ́pàá sì dé. Wọ́n ti fọ́ gíláàsì mọ́tò wa, àmọ́ wọn ò sun ún. Lẹ́yìn tí Màmá padà sí Iléṣà, ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n gbádùn. Mo jẹ́wọ́ fún ọkọ mi pé irọ́ ni Màmá pa nítorí mi. Ó ń jẹun lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Mo mọ̀. Màmá tó bi mí pé kí ló dé tí mò ń bomi sínú mọ́tò, níbo ni wọ́n ti fẹ́ mọ ọ́ọ̀sì?" Mo bi í pé kí ló dé tí kò bá mi wí nígbà náà. Ó ní, "Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn ju ẹ̀yin méjèèjì lọ. Ẹ̀yin náà nìkan ni mo sì ní níbẹ̀. Ta ni mo fẹ́ bá jà?"

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé láti ọjọ́ tí a ti dé ìlú yìí ni ẹ̀rù ti ń ba ọkọ mi nítorí wa, kò kàn lè fẹnu sọ ọ́ ni. Èmi rò pé páàtì mọ́tò lásán ni mo dì sínú ẹrù yẹn. Ohun tó fi ń rí oorun sùn ni mo fi ránṣẹ́ sí Ìkòròdú.