Òkè Àjà Tí Ìyá Àgbà Rán

Ọ̀pá irin wọ inú ẹní tí ó wà lókè orí wa, eruku háríhá àgbàdo sì dà sí mi lójú. Ìyá àgbà di àbúrò mi, ọmọ oṣù méjì, mọ́ àyà. Kò wo òkè. Delege, aṣojú ìjọba ní àdúgbò wa, tí ó mú ọ̀pá náà dání, ni ó ń wò.

"Kámáráàdì, rọra máa gún un. Ọmọ ń sùn."

"Mama, ohun tí ẹ rán síbẹ̀ là ń wá."

Mo mọ ohun tó gbé wọn wá. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni.

Ní ọdún àwọn Ìyípadà yẹn, tí àwọn sójà ń ṣèjọba, tí gbogbo èèyàn sì ń pe ara wọn ní kámáráàdì, páànù lásán ni wọ́n fi bo yàrá ìyá mi ní Ìfọ̀nyìn. Tó bá di ọ̀sán, ooru ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ọmọ náà sùn. Ara rẹ̀ á pọ́n, á máa ké títí ohùn rẹ̀ á fi há. Ìyá àgbà kó háríhá jọ láti oko àwọn ará Bánígbé. Ó rẹ ẹ́ sínú omi ewé dọ́ńgóyárò kí ikán má baà jẹ ẹ́, ó sá a gbẹ, òórùn kíkorò gba gbogbo àgbàlá. Ó tẹ́ ẹ sáàárín ẹní méjì, ó fi abẹ́rẹ́ ńlá rán etí wọn pọ̀, ó wá so ó rọ̀ mọ́ ọparun lábẹ́ páànù. Ó fi àyè sílẹ̀ ní ìhà méjèèjì kí atẹ́gùn lè máa gba àárín kọjá.

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án," ó ní. "Bí ó bá tú, ooru á wọlé."

Ọjọ́ kejì, ọmọ sùn láti ọ̀sán di àṣálẹ́.

Nígbà náà, wọ́n ń rí ìwé tó bú ìjọba káàkiri ìlú. Olùkọ́ wa béèrè ní kíláàsì pé ilé ta ni wọ́n ti ń fi nǹkan pamọ́. Mo fẹ́ kí ó yìn mí. Mo nawọ́, mo ní ìyá àgbà rán nǹkan sí òkè àjà, kò sì jẹ́ kí a fọwọ́ kàn án.

Delege fa ẹní ya. Háríhá dà sílẹ̀, ó fi bàtà tú u wò. Kò sí ìwé. Ooru páànù sọ̀ kalẹ̀ sórí wa, ọmọ jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí ké.

"Háríhá lásán? Kí lẹ fi ń ṣe?"

"Ooru ni mo fi ń lé. Bí ìyàwó tìẹ bá bímọ, wá pè mí."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó tẹ̀ lé e rẹ́rìn-ín. Delege wò ó, ẹ̀rín náà kú.

"Ta ló sọ fún yín?" ìyá àgbà béèrè.

Delege yíjú wò mí. Mo tọ̀ sára.

"Ẹ bi ará ilé yín," ó ní. "Ní báyìí, ẹ máa bọ̀ ní ọ́fíìsì."

Ọjọ́ kẹta ni ìyá àgbà tó padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú. Ó jókòó sórí háríhá tó kù, ó ní kí n bá a mú abẹ́rẹ́. A jọ rán an. Kò bi mí bóyá èmi ni mo sọ ọ́, títí ó fi kú.

Mo ti rán irú àjà bẹ́ẹ̀ fún àwọn abiyamọ mẹ́ta. Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà pé bí wọ́n bá bi mí ní ohunkóhun, kódà iye tí iyọ̀ jẹ́, mo kọ́kọ́ máa ń wo ojú ẹni tó ń béèrè. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Wọ́n rò pé mo kàn gbọ́n ni.