Aṣọ Pupa Ojú Fèrèsé Bùsúà

Bertha ìyàwó Abọ́dẹrìn ti fi àtíkè pa ojú àìmọye ènìyàn níwájú òkun, kò sì rí òkun rí. Òkun orí aṣọ ni tirẹ̀. Ní ilé fọ́tò ọkọ rẹ̀ ní Ashanti New Town, ní Kùmásì, aṣọ ńlá méjì ló wà tí àwọn oníbàárà máa ń dúró síwájú rẹ̀ kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn. Bertha ló rán wọn, ọkọ rẹ̀ ló kùn wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ ìlú Wìnébà, pẹ̀lú ọkọ̀ àwọn apẹja àti àsíá orí wọn. Èkejì jẹ́ Bùsúà: igi àgbọn, erékùṣù kékeré kan láàárín omi, àti ilé kan tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí aṣọ pupa rọ̀ sójú rẹ̀.

Aṣọ pupa yẹn ni egungun tó há Bertha lọ́fun. Bí ọdún Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, Abọ́dẹrìn a máa tún àwọn àwòrán náà kùn. Ti Wìnébà, bó bá ti rí ni kó rí. Àsíá ibẹ̀ ti ṣí débi pé a ò mọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ pupa Bùsúà kò ṣí rí. Búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù lọ ló fi ń kùn ún. Súfèé tó máa ń sú lórí iṣẹ́ a dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ a wá rọ̀, bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun.

"Aṣọ ta ni?" Bertha ti bi í nígbà tí Jacob, àkọ́bí wọn, ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Aṣọ lásán ni."

Bertha mọ̀ pé Bùsúà ni ọkọ òun gbé nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò. Kò tún béèrè mọ́. Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Gbogbo ibi tó kù lára Bertha ló sanra.

Ní ọdún 1991, nígbà tí Jacob ti di tíṣà tó sì ti kúrò nílé, Abọ́dẹrìn ní lẹ́yìn Àjíǹde àwọn méjèèjì yóò lọ sinmi létí òkun.

"Ìyá Jacob, ìwọ ni kó o yàn. Wìnébà ni àbí Bùsúà?"

Bertha gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Akosua lọ, tó ń ta kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo, tó múlé tì wọ́n, ọmọ Aṣáńtí tó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ Bertha lọ.

"Wìnébà ni mo fẹ́," ni Bertha wí.

"Ei! Ẹ̀rù obìnrin orí aṣọ ń bà ọ́?"

"Ta ló dárúkọ obìnrin?"

"Me nua, ọmọ ìyá mi, ta ló ń ta aṣọ pupa sójú fèrèsé, ṣé ajá ni? Bẹ́ ẹ bá lọ sí Wìnébà, ìdí ọkọ rẹ lá jókòó ní Wìnébà, ọkàn rẹ̀ á wà ní Bùsúà. Lọ wò ó! Bóyá eyín ẹnu obìnrin náà ti yọ tán."

Bertha kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé Wìnébà ni.

"Kò burú," ni Abọ́dẹrìn wí, ó sì ń súfèé lọ sẹ́yìnkùlé.

Gbígbà tó tètè gbà yẹn ló dá kún un. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, kí ló dé tí kò béèrè ìdí? Bí nǹkan bá sì wà, ta ló ń ṣíji bò, òun Bertha ni àbí ẹni tó ni aṣọ? Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti yí i padà.

"Bàbá Jacob, Bùsúà la ó lọ."

Súfèé náà dákẹ́. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Nígbà tí wọ́n dé Bùsúà, òkun gidi ń hó yeye. Ti orí aṣọ kì í pariwo. Bertha kò wò ó. Fèrèsé ló ń wá. Wọ́n bá ilé náà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ pupa. Obìnrin àgbà kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń to ẹja yíyan sínú apẹ̀rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ṣì gùn, ó ṣì lẹ́wà, eyín rẹ̀ sì pé.

"Esi," ni Abọ́dẹrìn pè é. Bertha kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí látọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ.

Obìnrin náà gbójú sókè. "Bàbá, ṣé ẹja lẹ fẹ́ rà?"

"Èmi ni. Abọ́dẹrìn. Ọmọ iṣẹ́ oníkámẹ́rà."

Esi wò ó, ó tún un wò, ó rẹ́rìn-ín ìtìjú. "Àwọn oníkámẹ́rà tó ń wá síbí nígbà náà pọ̀. Ẹ má bínú."

Ó yẹ kí inú Bertha dùn. Àfi bó ṣe gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀: "Ẹ tún un wò, mà. Ẹ wo àpá etí rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń ta aṣọ pupa sójú fèrèsé yìí fún un."

"Fún un kẹ̀? Ìyá mi, gbogbo aṣọ wa là ń sá síbẹ̀."

Abọ́dẹrìn ra ẹja. Wọ́n kúrò níbẹ̀. Ohun tó wá ń jẹ Bertha lọ́kàn kì í ṣe Esi mọ́. Ìfẹ́ tí a fi ọdún gbogbo tọ́jú pamọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà, tí ẹni tí ìbá mọ iyì rẹ̀ sì wà nínú ilé, tó ń pa àtíkè fún oníbàárà! Ìyẹn ló ń jowú.

Nígbà tí Kérésì súnmọ́, Abọ́dẹrìn tún òkun kùn, ó tún igi àgbọn kùn. Ó dé ojú fèrèsé, ó kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sínú kẹrosíìnì.

"Ẹ ò tíì kun aṣọ ibẹ̀," ni Bertha wí.

"Jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ ṣí."

Bertha dúró. Ó mọ̀ pé kì í ṣe tìtorí òun ni ọkọ òun fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Esi ti gbàgbé ọkọ òun ni. Ó wọ yàrá, ó mú ìró rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè jáde, ó fi kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà.

"Ẹ kun èyí síbẹ̀."

"Sójú fèrèsé Bùsúà?"

"Ibẹ̀ gan-an."

Abọ́dẹrìn na ọwọ́ sí búrọ́ọ̀ṣì ńlá. Bertha gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fún un ní èyí tó kéré jù lọ. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í po ọ̀dà, ó ń súfèé. Bertha fa àga, ó jókòó, ó tẹ́tí, ó ń dúró kí súfèé náà dákẹ́.