Ànàmọ́ Tí Wọ́n Fọ̀ fún Àlejò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kòtò kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Ọ̀fà tí bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi sí ìtòsí rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó ànàmọ́ sí lẹ́yìn ìkórè, èyí tí ẹ̀yin ará ibòmíràn ń pè ní ọ̀dùnkún. Ẹ ṣáà mọ àwa Ọ̀fà mọ ànàmọ́, ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ àwa ọmọ ni láti ṣà á. Èyí tí ọkọ́ bá ti bó lára, a ó yà á sọ́tọ̀ fún jíjẹ. Àwọn tó kù ni bàbá mi á tò sórí koríko gbígbẹ, pẹ̀lú erùpẹ̀ oko lára wọn bẹ́ẹ̀, á da eérú lé wọn, á tún fi koríko àti iyẹ̀pẹ̀ bò wọ́n. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí àwọn ilé mìíràn ò ní mọ́, ìgbà yẹn làwa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ kó tiwa jáde.

Ṣùgbọ́n bí àlejò bá fẹ́ máa lọ, tí a fẹ́ di díẹ̀ fún un, ìyá mi ló ni ìyẹn. Wọ́n á fọ̀ ọ́ kó mọ́ tónítóní, wọ́n á fi epo pupa díẹ̀ pa á lára kó lè máa dán. Kí àlejò rí eérú lára ohun tí a fún un? Ìtìjú ńlá ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn.

Ní ọdún tó kọjá, tíṣà obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé girama kan ládùúgbò wa wá kí mi. Ó ní ìdíje sáyẹ́ǹsì àwọn ilé-ìwé agbègbè wa ń bọ̀ ní Ìlọrin, pé àwọn mìíràn á kó iná sólà àti mọ́tò tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe wá, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí tàwọn jẹ́ ohun tó ti ilẹ̀ wa wá. Wọ́n ti sọ fún un nípa kòtò bàbá mi. Inú mi dùn débi pé tíì tí wọ́n gbé síwájú mi tutù síbẹ̀.

Ọmọbìnrin tó yàn fún iṣẹ́ náà, ọ̀kadà ni bàbá rẹ̀ ń gùn láàárín Ọ̀fà àti Ìjàgbó. Orí ọmọ náà pé gan-an. Ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló fẹ́ lọ kà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti ní kó fi ìwé sílẹ̀, kó lọ kọ́ aṣọ rírán. Èmi àti tíṣà lọ bẹ̀ ẹ́. Kò bá wa jà rárá.

Ó ní, “Alhaji, ẹ̀yin lẹ ní ọmọ mi mọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará Ìlọrin náà sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá gbé ẹ̀bùn wálé, á máa kàwé lọ. Bí kò bá gbé e wá, ẹ má bá mi sọ ọ́ mọ́.”

A gbẹ́ kòtò sẹ́yìn kíláàsì, níbi tí omi òjò kì í dé. Mo kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣà á àti bí a ṣe ń tò ó. Tíṣà ṣàlàyé ohun tí eérú ń ṣe níbẹ̀, pé ó ń fa ọ̀rinrin mu, ó sì ń lé kòkòrò, èmi náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ìdí ohun tí bàbá mi ń ṣe láti ọjọ́ yìí. Wọ́n kó ànàmọ́ oko kan náà sínú àpò, wọ́n gbé e sí igun kíláàsì, kí wọ́n lè fi méjèèjì wéra. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n lọ, a ṣí kòtò. Tinú àpò ti hunjọ, òmíràn ti jẹrà. Tinú kòtò dà bí èyí tí a hú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọmọ náà gbé ọ̀kan mọ́ àyà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Méjèèjì ló yẹ kó gbé síwájú àwọn adájọ́, èyí tó jẹrà àti èyí tó dára, pẹ̀lú eérú lára rẹ̀ kí wọ́n lè gbà pé inú kòtò ló ti wá. Ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sílé, torí ilé wọn ló sún mọ́ ibi tí bọ́ọ̀sì á ti gbé wọn. Ìyá bàbá rẹ̀ wà nílé, ẹgbẹ́ mi ni. Ohun tí ìyá àgbà gbọ́ ni pé ọmọ òun ń gbé ànàmọ́ lọ fún àwọn èèyàn pàtàkì ní Ìlọrin. Kí ọmọ tó jí, ó ti fi kànìnkànìn fọ gbogbo rẹ̀, ó ti fi epo pa á lára, ó ti tò ó sínú agbọ̀n, ó sì fi aṣọ funfun dì í lórí. Àwọn tó jẹrà, ó dà wọ́n fún ewúrẹ́. Bọ́ọ̀sì ti ń fọn fèrè níta, ọmọ náà gbé agbọ̀n, ó sáré jáde.

Tíṣà ló ròyìn ìyókù fún mi. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ náà níwájú àwọn adájọ́, ànàmọ́ ń dán yinrin. Ọ̀kan nínú wọn bi ọmọ náà pé ọjà wo ló ti rà á. Ó ṣàlàyé títí. Tíṣà fi fọ́tò kòtò hàn wọ́n lórí fóònù, wọ́n ní fọ́tò kòtò ò lè sọ ibi tí èyí tó wà nínú agbọ̀n ti wá. Wọn ò fi í ṣẹ̀sín. Wọ́n kàn kọjá sí tábìlì kejì ni.

Bàbá rẹ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. A tún lọ bẹ̀ ẹ́, kò gbà.

Ó dùn mí wọra, ẹ̀yin ọmọ mi. N ò tiẹ̀ rí ẹni tí mo lè bínú sí, torí ohun tí ìyá àgbà ṣe, ìyá mi náà ì bá ṣe é. Nígbà èwe tiwa, ohun ilé wà nílé, ohun ìwé wà níléèwé, wọn kì í pàdé. Ní báyìí, àwọn tíṣà ti ń wá bá wa nílé, wọ́n ń bèèrè ohun tí a mọ̀, ó sì wù mí púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jókòó ti ìyá àgbà kó sọ fún un pé irú àlejò kan wà lóde òní tó jẹ́ pé eérú gan-an ló fẹ́ rí.

Ní oṣù tó kọjá, mo gbé aṣọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ náà ti ń kọ́ṣẹ́. Bó ṣe ń wọ̀n mí, mo bi í bóyá ìyá àgbà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní rárá. Ó ní ọjọ́ tí òun dé láti Ìlọrin ni ìyá àgbà ti bi òun bóyá àwọn àlejò fẹ́ràn ànàmọ́ náà.

“Mo ní wọ́n jẹ ẹ́ tán pátápátá ni, pé wọ́n ní ó mọ́. Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn o.”

Mi ò sọ. Ànàmọ́ ọdún yìí ti jáde, ìyá àgbà sì ti gbé agbọ̀n kan wá fún mi, pé kí n bá òun fi ránṣẹ́ sí àwọn ará Ìlọrin. Ó wà nínú pálọ̀ mi níbí, aṣọ funfun wà lórí rẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti fi epo pa á lára.