Bàbá Tó Kọ Orúkọ Mi Sílẹ̀

Ìró bàtà bàbá mi lórí sìmẹ́ǹtì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí ìjọba dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, àwọn ológun ló wà lórí oyè, owó oṣù olùkọ́ sì máa ń falẹ̀ bí ìgbín. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí. Mo jókòó nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Ìwó, mò ń ṣe ìdánwò àṣejáde, ìṣirò la sì ń kọ lọ́jọ́ náà. Bàbá mi jẹ́ olùkọ́ ìṣirò níbẹ̀, wọ́n sì wà lára àwọn tó ń ṣọ́ wa. Nínú ìbọ̀sẹ̀ mi ni ìwé pélébé kan wà tí ẹnì kan ti kọ gbogbo ìdáhùn sí. Ẹ̀rù ò bà mí rárá. Èmi tí mo gbọ́n ju gbogbo ayé lọ ti rò ó pé, ta ni yóò mú mi níbi tí bàbá mi ti ń ṣọ́ ìdánwò?

Ìró bàtà náà dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó dúró. Bàbá mi ní, “Dìde.” Mo dìde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa ìwé náà yọ. Mo retí kí wọ́n fà á ya, kí wọ́n gbá mi létí, kó parí síbẹ̀. Dípò ìyẹn, wọ́n mú ìwé tí à ń kọ orúkọ àwọn tó jíwèé wò sí, wọ́n kọ orúkọ mi sábẹ́ ti àwọn ọmọ méjì tí wọ́n ti mú ṣáájú. Mo ń wo bíró náà bó ṣe ń lọ. Nígbà tó kan orúkọ ìdílé, orúkọ ara wọn ni wọ́n ń kọ. Wọ́n kọ ọ́ tán.

Gbogbo èsì ìdánwò mi ni àjọ tó ń ṣètò rẹ̀ fagi lé. Ààyè tí mo ti rí nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyá mi, tí wọ́n ń ta aṣọ lọ́jà, kò gbé oúnjẹ fún bàbá mi fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Àwọn olùkọ́ mìíràn ń yà fún bàbá mi lọ́nà, nítorí láti ọ̀dọ̀ wọn ni ìdáhùn yẹn ti wá, kì í sì í ṣe èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Nínú ìjọ wa, àwọn àgbà ń sọ fún mi pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Mo bi ìyá kan nínú wọn pé, “Ọwọ́ òsì náà dà, mà?” Wọ́n kàn ní ọmọ ayé òde òní ti bàjẹ́.

Mo di ẹrù mi, ó di ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ilé-Ogbó. Mùsùlùmí ni ẹ̀gbọ́n yìí, Alhaji ni gbogbo wa ń pè wọ́n, ẹ̀sìn kì í sì í ya ọmọ ìyá lọ́dọ̀ tiwa. Alhaji gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n ní, “Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àbúrò mi ló ṣàṣejù.” Inú mi dùn pé mo rí ẹni gbè mí. Bí ilé bá jí kírun àárọ̀, èmi náà á jí gbàdúrà, torí ìbínú mi ò tíì dé ibi tí n kò ní gbàdúrà mọ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń fo “Bàbá” nínú àdúrà tí Olúwa kọ́ wa. Ibi tí a ti ń tọrọ oúnjẹ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún Ọlọ́run kedere pé bó bá jẹ́ irú bàbá mi ni Òun náà, kó máa ṣe Ọlọ́run Rẹ̀ lọ, kó fi ti bàbá sílẹ̀.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, bàbá mi dé. Ọ̀wọ́n epo bẹ́ńtírò wà, máṣíìnì wọn wà nílẹ̀ lásán, kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n gùn láti Ìwó. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n ní kí wọ́n pè mí. Mo ní n kò jáde. Wọ́n gbé àpótí kan sábẹ́ fèrèsé yàrá tí mo wà, wọ́n jókòó, wọ́n ṣí ìwé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ fèrèsé ní ìṣirò. Wọ́n ń ka ìbéèrè sókè, wọ́n ń ṣàlàyé rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n ń bi fèrèsé bóyá ó yé e. Àwọn tó ń kọjá lọ ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, bàbá mi ní, “Ó dìgbà kan ná,” wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́ wọn lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wá ní Sátidé mẹ́jọ. Mo fi ìka di etí títí ó fi sú mi. Mo ń kọrin. Wọ́n gbé ohùn sókè jù mí lọ. Nígbà tó yá, nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ sí mi: ìṣirò náà bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Màá dùbúlẹ̀ lórí ẹní, màá kọjú sí ògiri, màá sì ti rí ìdáhùn kí bàbá mi tó dé ibẹ̀. Ní Sátidé kẹsàn-án, wọ́n ṣe ìbéèrè kan dé ìparí, wọ́n ní ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlá. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi. Mo kígbe láti inú yàrá pé, “Mẹ́rìndínlógún ni! Ẹ ti gbàgbé méjì kan sẹ́yìn!”

Títí bàbá mi fi kú, wọn ò sọ fún mi bóyá àṣìṣe ni tàbí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Mo jáde, ṣùgbọ́n ìjà ni mo bá jáde. N kò kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní, “Bàbá, ẹ ti ba ayé mi jẹ́.”

“Ọdún kan ni mo bà jẹ́,” bàbá mi wí. “Ayé rẹ ni mò ń tún ṣe.”

“Ẹ lè ṣe bí ẹni tí kò rí mi!”

“Mo lè ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Àbí kò sí ìyàtọ̀ láàárín èmi àti àwọn méjì yẹn lójú yín?”

Wọ́n nu òógùn ojú wọn. “Bákan náà ni mo kọ orúkọ yín. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ni mò ń gun kẹ̀kẹ́ wá bá?”

Alhaji, tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀súbà lọ́wọ́, mi orí. “Ó tán,” wọ́n ní. “Èmi ò gbè ọ́ mọ́. Lọ kó ẹrù rẹ.”

Mi ò tètè gbà. Mo sọ fún bàbá mi pé kò tọ́ bẹ́ẹ̀, pé kí wọ́n pe àwọn méjì yẹn náà kí wọ́n kọ́ wọn. Wọ́n ní òótọ́ ni mo sọ. Ọ̀kan wá, a sì jọ kàwé. Àwọn òbí èkejì ò fẹ́ rí bàbá mi sójú.

Mo padà sí Ìwó, mo tún ìdánwò náà ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo sì yege. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ wá dùn bí oyin. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ò gbà mí mọ́. Mo di olùkọ́, n kò sì di nọ́ọ̀sì láéláé. Bí mo bá rí aṣọ funfun wọn, ó ṣì máa ń dùn mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn tí mo padà dé, tí gbogbo ìjọ dìde láti gba àdúrà Olúwa, mo pe “Bàbá” jáde lẹ́nu. Omijé kankan ò sí níbẹ̀. Tìkanratìkanra ni mo fi pè é, bí ọmọ ṣe ń pe ẹni tí wọ́n jọ ń jà nínú ilé kan náà. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ẹni tí mò ń pè: Ẹni tó rí ẹ̀ṣẹ̀ mi tí kò bò ó mọ́lẹ̀, tí kò sì kọ̀ mí nítorí rẹ̀.

Lóde òní, wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ wa pé bí Ọlọ́run bá fẹ́ràn ẹnì kan, ọkọ̀ tuntun ni yóò fi hàn án. Bí nǹkan bá há, ọ̀tá ló wà nídìí rẹ̀. Èmi ò gbà. N kì í pe gbogbo ìyà ní ìbáwí, torí ìyà tí kò nídìí pọ̀ láyé, n kò sì ní purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fọwọ́ ara mi fà, tí Ó jẹ́ kí n jẹ títí tí mo fi gbọ́n, mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń dúpẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ìjọ ní kí àwọn ìyá wá jẹ́rìí oore. Obìnrin tó ń ṣètò rẹ̀ bi mí ní ohun tí mo fẹ́ sọ, mo sì sọ fún un. Ó rojú. “Mọ́mì, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí, ìtìjú ni. Ẹ kúkú sọ ti ilé tí ẹ kọ́.” Mo ní ti ilé ò tíì kàn. Kò gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún mi. N kò tilẹ̀ nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kígbe ìṣirò sétí àwọn ọmọ tó kún inú kíláàsì fọ́fọ́. Mo dúró síwájú ìjọ, mo ní, “Bàbá mi ọ̀run bá mi wí, kò sì fi mí sílẹ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo dúró títí ẹ̀rín wọn fi tán, mo sì tún un sọ.