Ìwọ̀ Tó Ń Pe Ẹja

Nígbà tí mo wà ní kékeré, Peckham kọ́ ni mò ń gbé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń rí mi tí mò ń yọwó iṣu ní Rye Lane, ẹ rò pé ibẹ̀ ni mo ti hù. Rárá o. Létí odò ńlá kan ní apá àríwá ìlú òyìnbó yìí lọ́hùn-ún ni mo gbọ́njú sí, lọ́dọ̀ bàbá òyìnbó kan tí kò bí mi.

Bí ayé ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn. Àwọn òbí wa ń kàwé, wọ́n ń ṣiṣẹ́, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbé, nítorí náà wọ́n á gbé ọmọ fún òyìnbó kó bá wọn tọ́. Wọn ò kà á sí ìkà. Bí ẹni gbé ọmọ fún ìyá àgbà nílé ni lójú tiwọn.

Granddad ni mo ń pe bàbá tó tọ́ mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa mú àwọn àlejò lọ pẹja nígbà òtútù. Ẹja kan wà tí wọ́n ń bí sínú odò yẹn, á lọ dàgbà nínú òkun, á sì padà wá síbi tí wọ́n bí i sí nígbà tí yìnyín bá bo etí omi. Granddad mọ ibi tí ẹja náà ń sinmi sí. Á dúró ti àlejò nínú omi dé ìbàdí, á fi bí wọ́n ṣe ń ju okùn hàn án. Wọn kì í fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀. Ìyẹ́ ẹyẹ ni Granddad ń fi òwú pupa wé mọ́ ọn, kí ẹja lè rò pé ohun ẹlẹ́mìí ni, èmi ni mo sì máa ń bá a yan ìyẹ́ lẹ́bàá iná. Bí wọ́n bá fa ẹja náà dé, wọ́n á tú u sílẹ̀ kó máa lọ. Granddad ní ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ wálé, kò yẹ kí wọ́n pa á lẹ́nu ọ̀nà.

Eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà nígbà tí àwọn òbí mi rí flat gbà ní Peckham, tí wọ́n sì wá mú mi. Mo sunkún débi pé bàbá mi ṣèlérí pé bí ẹja bá ti dé, òun á mú mi padà lọ wò ó. Granddad ní kò burú, òun á ránṣẹ́ bí wọ́n bá ti dé. Ìlérí yẹn ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí.

Òtútù dé, àpòòwé kékeré kan sì wọlé. Ìwọ̀ kan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìyẹ́ dúdú àti òwú pupa, láìsí ìwé kankan, torí Granddad kì í ṣe ẹni tí ń kọ̀wé. Mummy ló ṣí i. Ẹ fojú inú wò ó ná: obìnrin ìjọ aláṣọ funfun, tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó rí irin ṣóńṣó, ìyẹ́ àti òwú pupa nínú àpòòwé tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí. Ta ni kò ní bẹ̀rù nínú wa? Ó bi mí pé kí ni. Mo ń fò sókè fáyọ̀, mo sì fi èdè òyìnbó, tí í ṣe èdè kan ṣoṣo tí mo gbọ́, sọ fún un pé Granddad ló ṣe é, òun ló fi ń pe ẹja jáde látinú òkun.

Mummy kọjú sí bàbá mi. Ó ní, "Daddy, ṣé ẹ gbọ́? Ohun tó ń pe ẹja jáde látinú òkun, ṣé ọmọ tèmi ló máa ṣòro fún un láti pè?"

Bàbá mi, tó ń retí lẹ́tà, kò mọ̀ pé ìránṣẹ́ Granddad nìyẹn. Wọ́n gbé èmi àti ìwọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n tan àbẹ́là yí mi ká, wọ́n wọ́n omi àdúrà sí mi lára, wọ́n sì dáná sun ìwọ̀ náà lẹ́yìnkùlé. Bí mo ṣe ń ké tó ni wọ́n ń gbàdúrà tó, wọ́n ní nǹkan náà ti ń fi mí sílẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àbí? Àgbà pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, orí tèmi sì wọ́. Àpòòwé mìíràn ń dé lọ́dọọdún, Mummy ò sì ṣí wọn mọ́ kó tó dáná sun wọ́n. Nígbà tó yá, kò sí èyí tó wá mọ́.

Nígbà tí mo dàgbà tó láti dá wọ tírénì, mo lọ. Granddad ti kú. Obìnrin aládùúgbò rẹ̀ ló sọ fún mi pé bàtà òjò mi kékeré wà lẹ́nu ilẹ̀kùn títí ó fi lọ, ó sì máa ń béèrè lọ́wọ́ òun bóyá mo ti gbàgbé rẹ̀. Mo lọ sétí odò. Wọ́n ní ẹja ò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́. Ó dùn mí dé egungun, kò sì tíì tán títí di òní.

Lóde òní, ọmọ ọmọ mi ní Surrey Quays ń rí ojú ìyá rẹ̀ lórí fóònù nígbàkígbà tí ìyá náà bá rìnrìn àjò iṣẹ́. Ìpè kan péré ni ì bá yanjú ọ̀rọ̀ tèmi. Ayé ti yí padà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù fún mi.

Nígbà tí Mummy ń ṣàìsàn tó gbé e lọ, ó ṣàdédé bi mí pé kí ni nǹkan oníyẹ̀ẹ́ ọjọ́ yẹn tiẹ̀ jẹ́. Yorùbá mi ti já gaara nígbà náà. Mo ní, "Mummy, ó kàn ń sọ fún mi pé ẹja ti dé ni."

Ó ní, "À bá ti mú ẹ lọ."

Òtútù tún ti ń mú ní Peckham báyìí. Mo ṣì máa ń wo ẹnu ilẹ̀kùn bí wọ́n bá ju lẹ́tà wọlé.