Bàbá Kò-Tíì-Gbẹ àti Òkè Ẹ̀yìnkùlé

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pàdé Bàbá Kò-Tíì-Gbẹ, ńṣe ló lé mi jáde nínú yàrá ara mi. Ó ń kun ilé fún wa nígbà náà. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo sì fẹ́ yọjú wo bí ògiri ṣe rí. Kí n tó fi ẹsẹ̀ kan wọlé, ó ti na búrọ́ọ̀ṣì sí mi bí ẹni na ọ̀pá sí ewúrẹ́.

"Ẹ dúró síbẹ̀! Kò tíì gbẹ."

Mo ní mi ò ní fọwọ́ kàn án, mo kàn fẹ́ fojú wò ó ni.

"Ojú gan-an ni mi ò fẹ́," ó ní. "Ọ̀dà tútù máa ń purọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kó sọ òótọ́, kẹ́ ẹ wá wò ó."

Ọjọ́ kejì ló tó jẹ́ ká wọlé. Ògiri náà jọ̀lọ̀ bí èèpo ẹyin, kò sí ojú ibi tí búrọ́ọ̀ṣì gbà kọjá lára rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe sí gbogbo onílé nìyẹn, olówó àti tálákà. Òun fúnra rẹ̀ mọ orúkọ tí wọ́n fún un, ó sì ń jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọ̀dà ló fi tọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, òun náà ló sì ń ṣe títí irun orí rẹ̀ fi funfun ju ògiri lọ.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ ló sì dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Òwú kò wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, Ìyá Aránṣọ sì ní àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ ayé ìsinsìnyí ló ń ṣahun ihò. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn kó tó gùn ún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kí aṣọ iṣẹ́ Bàbá tó so kọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹ káàbọ̀, ṣé kò rẹ̀ yín?" Bàbá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì dáhùn pé, "Kò rẹ̀ wá, èmi àti aṣọ." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ rí dókítà ojú.

Dókítà náà kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní èyí tó ti lọ nínú ojú náà kò ní padà mọ́. Èyí tó kù, oògùn ni wọn yóò máa fi bẹ̀ ẹ́ kó má tètè lọ.

"Títí dìgbà wo?" Bàbá béèrè.

"Ó lè pẹ́, Bàbá. Ó sì lè má pẹ́. Mi ò lè búra."

Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ń kán oògùn sójú ìyàwó rẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọwọ́ tí kì í gbọ̀n lórí àkàbà gíga wá ń gbọ̀n lórí ojú obìnrin kan ṣoṣo, oògùn á sì bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ẹ̀yin, ojú ni wọ́n ní kẹ́ ẹ kùn," Ìyá á ní, "ẹ ti fẹ́ kun gbogbo orí mi tán."

Ibi tí Bàbá ti ń kán oògùn náà ni Ìyá ti bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ìyá ní ohun kan wà tó ń wu òun í rí kí ojú òun tó ṣú: òkè tó wà lẹ́yìnkùlé bàbá òun, àti omi ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òkè náà kò sí mọ́. Àwọn tó ń ṣe títì ti fọ́ ọ tán, wọ́n kó òkúta rẹ̀ lọ, wọ́n sì dí omi náà pa. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò rẹ̀ rí. Ta ní ń ya ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀?

"Ẹ kùn ún fún mi," ó ní.

"Kí n kun kí ni?"

"Òkè náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kun gbogbo ilé àdúgbò yìí, ṣé òkè kan ṣoṣo ló máa wá borí yín?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó wọ ẹ̀wù tó mọ́, ó sì lọ sí gbọ̀ngàn òkè ilé ìkówèésí, níbi tí ọ̀dọ́bìnrin kan ti ń kọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí bí a ṣe ń fi ọ̀dà elépo ya òkè, igi àti omi. Yíyà lórí tútù ni wọ́n ń pe irú èyí tó ń kọ́ wọn: gbogbo àwòrán ni ẹ ó parí ní ìjókòó kan, tútù lórí tútù.

Tíṣà náà ní kí gbogbo wọn fi ọ̀dà funfun tó ṣàn pa kánfáásì, aṣọ líle tí wọ́n nà sára igi, lójú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bàbá ló kọ́kọ́ ṣe tán, tirẹ̀ ló sì dára jù. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó káwọ́ gbera. Àwọn yòókù ti ń fi àwọ̀ búlúù ya sánmọ̀, Bàbá ṣì jókòó.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń dúró dè?"

"Mò ń dúró kó gbẹ ni, tíṣà."

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kò gbọdọ̀ gbẹ, Bàbá," tíṣà ní. "Tútù yẹn ló máa bá yín po àwọ̀. Tó bá gbẹ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Lójú Bàbá, ńṣe ló dà bíi kí wọ́n ní kó máa forí rìn. Ṣùgbọ́n ó gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ó ya sánmọ̀, ó ya òkè sínú sánmọ̀, ó sì rí ojú búrọ́ọ̀ṣì lára òkè náà. Kò lè gbà á. Ó fọwọ́ pa á kó lè jọ̀lọ̀. Ó tún un pa. Òkè wọnú sánmọ̀, sánmọ̀ wọnú omi, gbogbo rẹ̀ sì di àwọ̀ ẹrọ̀fọ̀ kan náà.

"Ẹ fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀," tíṣà ń sọ. Ó fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ bu ọ̀dà díẹ̀, ó fà á gba ẹ̀gbẹ́ òkè bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Ọ̀dà náà já jálajàla, ó sì di òkúta lójú wọn. "Ibi tó ti já yẹn ni òkúta wà. Tẹ́ ẹ bá tún un ṣe, ẹ ti bà á jẹ́."

Bàbá gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbọ́. Sátidé lẹ́yìn Sátidé, ẹrọ̀fọ̀ ló ń gbé kúrò nídìí iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì á ní, "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba, ṣùgbọ́n ti Bàbá yìí, 'ba' ló ṣì wà." Òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ní ọ̀nà ilé kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Nílé, ojú Ìyá ń lọ. Ó ti dẹ́kun kíkí aṣọ. Ikọ́ ọkọ rẹ̀ ló fi ń dá a mọ̀ sí àga.

"Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ gẹ̀rẹ́ bí èjìká arúgbó," ó máa ń sọ fún un. "Òkúta funfun kan wà láàárín. Igi kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó fara ti òkè bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Láàárọ̀, òkè náà á dorí kodò sínú omi."

Sátidé kan ni ó bọ́ sí i. Kò sí ẹni tó lè sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lókun láti tún nǹkan ṣe. Ó fa ọ̀bẹ gba ẹ̀gbẹ́ òkè, ọ̀dà já, ó sì fi í sílẹ̀. Ó gún búrọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì, igi dúró, ó fara ti òkè. Ó fa àwọ̀ òkè wálẹ̀ sínú omi, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a níbùú bí atẹ́gùn, òkè sì dorí kodò. Gbogbo wọn dìde wá wò ó.

"Bàbá," nọ́ọ̀sì ní, kò sì ṣàwàdà, "ẹ gbé e lọ sílé báyìí, kí ìyàwó yín rí i."

"Kò tíì gbẹ."

"Kí wọ́n rí i bẹ́ẹ̀!"

"Mi ò fi ọ̀dà tútù han onílé rí. Tí mo bá máa bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lórí ìyàwó mi."

Tíṣà ní, "Bàbá, èyí á pẹ́ kó tó gbẹ o. Kì í ṣe bí ọ̀dà ògiri."

"Mo mọ ọ̀dà, ọmọ mi. Ti ilẹ̀kùn pàápàá, elépo ni. Ilẹ̀ á mọ́, á ti gbẹ."

Wọ́n bá a gbé e sínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ fún Ìyá pé òun ti parí rẹ̀.

"Ẹ gbé e wá ká rí i."

"Ó ń gbẹ lọ́wọ́ ni."

"Ẹ̀yin náà! Kò tíì gbẹ, kò tíì gbẹ. Ṣé ẹ fẹ́ kí n dàgbà sí i ni?"

Ilẹ̀ mọ́, kò gbẹ. Lójoojúmọ́ ni Bàbá ń lọ síbẹ̀, á fi ìka kékeré kan etí kánfáásì, ìka náà á sì jáde ní funfun. Tó bá délé, Ìyá á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á gbóòórùn rẹ̀. "Ó kù díẹ̀," Bàbá á ní. Ọmọbìnrin wọn pè láti ìlú tó ń gbé, ó ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró." Bàbá ní kò burú, tó bá di ọ̀la.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n jókòó nídìí oúnjẹ.

"Baálé mi, ẹ bá mi ṣí fèrèsé. Òkùnkùn yìí pọ̀."

Fèrèsé wà ní ṣíṣí. Oòrùn ti gba ibẹ̀ wọlé, ó wà lórí itan Ìyá, lórí àwo, lórí ọwọ́ rẹ̀. Bàbá dìde. Ó rọra tì í, ó sì tún un ṣí, kí ìyàwó rẹ̀ lè gbọ́ ìró rẹ̀.

"Mo ti ṣí i."

"Ẹ ṣeun." Ó kọjú síbẹ̀. "Ṣé ẹ ṣí i tán?"

Bàbá ní kó jókòó, òun ń bọ̀. Ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kó sá lọ, ṣùgbọ́n ilé ìkówèésí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà. Ó gbé àwòrán náà gba ojú títì bí ẹni gbé àwo ẹyin, ó ń yẹra fún èjìká àwọn èèyàn, ó ń bẹ̀ wọ́n: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fara kàn án." Ó gbé e síwájú Ìyá, sínú oòrùn.

"Ó ń rùn dáadáa," Ìyá ní. "Ṣé ó wà níwájú mi?"

"Ó wà níwájú rẹ."

"Ẹ gbé ojú mi sí i."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì yí orí rẹ̀ sí i, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé fírémù kọ́ kó má wọ́.

"Òkúta funfun ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Igi yẹn?"

"Ó fara tì í."

Ìyá na ọwọ́. Bàbá la ẹnu, ó ní, "Kò..." Ó mú ọwọ́ náà, ó sì gbé e lé omi ìsàlẹ̀ òkè fúnra rẹ̀. Ìka Ìyá rìn nínú omi, láti etí kan dé èkejì.

Dókítà yẹ ojú Ìyá wò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò ní oògùn kankan láti fún wọn lọ sílé.

Ilé kan náà ni wọ́n ṣì wà. Bàbá kò lọ sí gbọ̀ngàn náà mọ́. Géètì àti ilẹ̀kùn ló ń kùn báyìí, ní àwọn ilé tí kò jìnnà. Ó gbé àwòrán náà kọ́ sí òdìkejì àga Ìyá, kò sì tún ojú omi tí ìka mẹ́rin gbà kọjá ṣe. Ó ti gbẹ.