Aago Tó Lọ Sẹ́yìn

Ìkànnì ayélujára kankan kò ṣí lórí fóònù mi láàárọ̀ yìí. Mo pa dátà, mo tún un tàn. Mo pa fóònù fúnra rẹ̀, pàbó ni. Ọmọ mi obìnrin gbà á wò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, aago yín ló lọ sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe, gbogbo ẹ̀ á ṣí."

Mo rántí yàrá wa ní Ṣógúnlé, lọ́sàn-án ọjọ́ tí màámi ń dirun fún mi. Òórùn òróró àgbọn gba inú ilé. Ó ń ya irun náà wẹ́wẹ́, orí ń ro mí.

"Màámi, ó ti kéré jù!"

"Fara dà á. Kó lè pẹ́ lórí ẹ ni."

Ó dìde, ó yí ọwọ́ aago ara ògiri padà sẹ́yìn, ó tún jókòó. Mo rò pé aago náà ló ń sáré jù.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin yọjú. "Ìyàwó, ṣé aago tìẹ ni rélùwéè Òṣòdì ń wò ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó ku ẹyọ kan."

Màámi parí i, ó gbé àpótí aṣọ rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀.

Mo ti di tíṣà kí n tó gbọ́ pé bàbá mi ti kọ màámi sílẹ̀, àti pé aago mẹ́rin ọjọ́ yẹn ni wọ́n ní kó kúrò. Nígbà ọmọdé yẹn, títí irun náà fi gbó, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u.

Ọmọ mi ti na ọwọ́ sí aago fóònù náà.

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná," mo ní.